Ohun Tó Wà Nínú Ìṣẹ́tí Aṣọ

Ọjọ́ tí Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé àlùmọ́gàjí ńlá lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ náà pàtẹ́wọ́, tiẹ̀ ló tilẹ̀ pẹ́ jù. Ẹni tó bá ti jowú rí á mọ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló ń pa á, inú kò sí níbẹ̀.

Màṣíìnì ìránṣọ márùn-ún ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, àti tábìlì gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá di àlùmọ́gàjí ńlá mú ló ń dúró nídìí tábìlì. Òun ló ń gé aṣọ, ohun tó bá gé làwọn yòókù ń rán. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi dúró níbẹ̀ kí ojú wọn tó di bàìbàì. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lábẹ́ wọn. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́rùn aṣọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà sì máa ń gún èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Àbúrò tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ ló wá ń gé aṣọ jù sí ọ kóo rán an. Ta ni kò ní bínú?

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ohun tí Jẹ́jẹ́ bá ṣe ti ń ta Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ lára. Bó bá rẹ́rìn-ín, òun ló ń fi rín. Bó bá dákẹ́, ó ti di ọ̀gá nìyẹn, kò fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kódà nígbà tí Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tó mú aṣọ ara rẹ̀ wọlé níbàdí lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì, fáàrí ni Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ pè é.

"Ẹ wò ó," ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀, "àlùmọ́gàjí dọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó wá ń ṣe bí omidan kiri."

*

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni olóògùn tí Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ lọ bá ń gbé, lẹ́yìn ilé àwọn mẹkáníìkì. Wọ́n ti fi ìwé ìròyìn àtijọ́ dí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sì yíjú padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe é?"

"Mi ò fẹ́ kó kú o, Baba. Kọ́wọ́ rẹ̀ ṣáà ti máa gbọ̀n. Agéṣọ tọ́wọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn-ún gbọ́. "Ọwọ́ kì í dédé gbọ̀n. Ọkàn ló máa kọ́kọ́ gbọ̀n."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ju nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Awọ dúdú pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n ti rán an pa yíká. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò hàn. Àmọ́ nígbà tó mú un, ó dà bíi pé ó gbóná.

"Rán an sí ìṣẹ́tí aṣọ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Bí ìṣẹ́tí náà bá ṣe ń lù ú lórúnkún, bẹ́ẹ̀ lọkàn rẹ̀ á máa lù ú láyà. O ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ọjọ́ tóo bá fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń padà bọ̀. Ìwọ lo máa gbé e dé kòtò."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ iṣẹ́ wọn rọ̀ sórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí alágbàfọ̀ ṣe kó wọn wá. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń fọ̀ wọ́n, inú wọn ló sì máa ń yí síta kí oòrùn má baà ṣá wọn. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, eérú eérú. Kókó òwú pupa tí kálukú ta sí èjìká ni wọ́n fi ń dá tiwọn mọ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ wà léjìká òsì, ti Jẹ́jẹ́ wà lọ́tùn-ún.

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ni wọ́n ṣe oògùn fún. Ó fa aṣọ tí kókó pupa wà léjìká ọ̀tún rẹ̀ yọ, ó jókòó, ó tú ìṣẹ́tí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ó ti awọ náà wọlé, ó sì fi ọwọ́ rán an pa. Ó rán an dáadáa, ojú abẹ́rẹ́ kò hàn. Ẹni tó ń ṣìkà gan-an fẹ́ kí iṣẹ́ òun mọ́.

Bó ṣe ń gbé aṣọ náà padà sórí ìkọ́, ẹyẹ kan fò wá láti ìta, ó fi orí sọ gíláàsì fèrèsé, ó sì jábọ́. Nígbà tó yọjú wo ìsàlẹ̀, kò rí ẹyẹ kankan níbẹ̀.

*

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń gé aṣọ ìyàwó kan, aṣọ funfun tó ń dán, nígbà tó dáwọ́ dúró lójijì, tó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Kí ló ṣe ọ́?" Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ọkàn mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń lù kì-kì-kì. Ó máa sáré, ó máa dúró díẹ̀, á tún fò. Bíi pé ẹnì kan wà nínú àyà mi tó ń kanlẹ̀kùn."

"Ó lè jẹ́ pé o ò jẹun."

"Mo jẹun. Mò ń jẹun gan-an, mo sì ń rù."

Àlùmọ́gàjí ńlá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣubú lélẹ̀ bí irin ṣe ń ṣubú. Ẹnu rẹ̀ ló fi gún pákó ilẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin níbẹ̀, ó ń mì. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wo ojú ara wọn.

Ẹ̀rù ba Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín: ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé kí ẹ̀rù tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àlùmọ́gàjí náà yọ, ó dì í mú pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kó tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí.

*

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ máa fi parí, Jẹ́jẹ́ kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aládùúgbò mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onígòó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí níbẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́.

"Yàrá náà kún fún ìgò, Ẹ̀gbọ́n, láti ilẹ̀ dé àjà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó fi sọ pé wọ́n ti rán nǹkan sí mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ni ẹni náà wà."

"Ṣọ́ọ̀bù wo?"

"Ibí yìí. Ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé." Jẹ́jẹ́ ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Ìgbànú awọ kan fún un mọ́ra lábẹ́ àyà, ó fún débi pé ara rẹ̀ ti lé. "Ó ní mi ò gbọdọ̀ tú u. Ó fún mi ní àgbo dúdú kan tí mò ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ mi, ilé ni mo ń gbé aṣọ iṣẹ́ mi lọ báyìí. Ó sì ní mi ò gbọdọ̀ dé ọsibítù. Bí abẹ́rẹ́ òyìnbó bá kàn mí lára, nǹkan náà á dì mọ́ mi nínú, ó di ikú."

"Ẹni tó ṣe é ńkọ́?"

"Ó ní kó tó di ọjọ́ méje, ọkàn tiẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. A máa fi mọ̀ ọ́n." Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì rin fún òógùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Ẹ bá mi máa ṣọ́ wọn. Ẹni tẹ́ ẹ bá rí tó gbé ọwọ́ láyà, ẹ sọ fún mi."

*

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bí Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ṣe fi orí lé ìrọ̀rí, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kì, kì, kì. Ó yí ọ̀tún, ó yí òsì, kò dáwọ́ dúró. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló ń fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mú kó má baà gbé wọn lé àyà. Kọfí ló ń mu kí oorun má baà gbé e lórí màṣíìnì.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó sá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì tó dá a lóhùn ti dàgbà, ó sanra, kò sì níkánjú. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago ara ògiri. Ó gbọ́ àyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

"Kọfí mélòó lójúmọ́?"

"Mẹ́rin. Márùn-ún nígbà míì, mà."

"Oorun ńkọ́?"

"Mi ò rí i sùn."

"Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀.

"Ó dáa, má sọ ọ́," nọ́ọ̀sì wí. "Kò sí ọkàn tí kì í sáré. Ẹ̀rù ń mú un sáré, kọfí ń mú un sáré, àìsùn náà ń mú un sáré. Tìẹ ń sáré, àmọ́ ìrìn rẹ̀ gún, ó sì ń rọlẹ̀ tóo bá sinmi. Fọwọ́ kàn án níbí. Ṣóo gbọ́ ọ? Din kọfí kù, kóo sì lọ yanjú ohun tóo ń sá fún. Tó bá ṣì ń ṣe ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, padà wá." Ó gbé ojú sókè. "Ẹni tí tiẹ̀ kò bá lójú kan ló ń bà mí lẹ́rù. Tó ń sáré, tó ń fo, tó ń ta kọsẹ̀. Tí kò bá lè mí délẹ̀, tí àyà ń dùn ún, tàbí tó bá dákú, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró dọ̀la. Ẹni tó ń rù tọ́wọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n, òun náà ò gbọdọ̀ jókòó sílé. Ṣéèyàn rẹ kan wà bẹ́ẹ̀ ni? Ojú rẹ yí padà."

"Rárá, mà."

Ó jáde síta. Jẹ́jẹ́ gẹ́lẹ́ ni obìnrin yẹn ṣàpèjúwe. Ṣùgbọ́n kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa awọ dúdú? Àìsàn tí òun fi ọwọ́ ara òun rán sára èèyàn, ṣé ọsibítù ló máa tú u? Ó pinnu pé òun á tú ìṣẹ́tí náà, àmọ́ Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bó bá sì fẹnu sọ ọ́, ó di kòtò. Ó padà sídìí màṣíìnì, ó sì dákẹ́.

*

Mọ́ńdè tó tún yí po, alágbàfọ̀ ti kó aṣọ wá, gbogbo rẹ̀ inú síta, àfi ti Jẹ́jẹ́ tó wà nílé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó mú tiẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ó lọ̀ ọ́ dé ìṣẹ́tí, áyọ́ọ̀nù náà sì ta kọ́ nǹkan kan.

Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó le, ó rí pẹlẹbẹ, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wo kókó pupa: èjìká ọ̀tún ló wà. Aṣọ tí inú rẹ̀ wà níta, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nítorí àṣìṣe yìí kan náà: "Ẹ yí aṣọ padà kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n! Ṣé ọwọ́ òsì méjì ni oníbàárà ní?" Òun náà ló wá dúró níwájú ìkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò yí aṣọ padà. Aṣọ ara rẹ̀ ló rán oògùn sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni awọ náà ti ń lù ú lórúnkún. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, oorun àsùnhanrun ló ń sùn. Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ dárúkọ ọjọ́ méje fún un ni ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òun! Ohunkóhun tó ń ṣe Jẹ́jẹ́, ọwọ́ òun kọ́ ló ti wá. Àìsàn ni, àìsàn lásán bí ibà. Bó bá sì kú, Ọlọ́run ló pè é. Ó gbé ojú sókè, ó rí àlùmọ́gàjí ńlá lórí tábìlì níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń tàn sí i, ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, tí ó ń gé aṣọ. Kò ní ṣe nǹkan kan. Á kàn dákẹ́ ni.

Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ ń sá fún abẹ́rẹ́ nítorí ó gbà pé oògùn wà lára òun. Nínú gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

*

Aago mọ́kànlá kò tíì lù nígbà tí Jẹ́jẹ́ ṣubú. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà lórí aṣọ, ilà náà wọ́, ó sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Nígbà tó lajú, ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀. Ó ń mí gúlegúle.

"Ọsibítù!" Màmá ké. "Ẹ pe mọ́tò!"

"Rárá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Abẹ́rẹ́ á pa mí. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onígòó."

Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti gbé e lápá, wọ́n ti ń wá bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ dúró sídìí ìkọ́. Ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin tó kọjú sí ògiri: ìwọ lo máa gbé e dé kòtò. Èèyàn lè mọ̀ pé nǹkan jẹ́ irọ́, kó sì tún máa bà á lẹ́rù. Ọkàn rẹ̀ ń lù, ó sì rìn lọ sídìí tábìlì, ó gbé àlùmọ́gàjí ńlá.

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

Ó tẹ́ aṣọ iṣẹ́ ara rẹ̀ síwájú Jẹ́jẹ́, ó gé ìṣẹ́tí rẹ̀ já. Awọ dúdú náà bọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ ni mo gbà á fún," ló wí. "Nítorí àlùmọ́gàjí yìí. Ìlara ló ń pa mí. Mo fẹ́ kọ́wọ́ rẹ máa gbọ̀n. Mo yí aṣọ sódì, ara tèmi ni mo rán an sí, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wọ̀ ọ́. Kò kàn ọ́ rí, Jẹ́jẹ́. Kò sí oògùn kankan lára rẹ. Àìsàn ni."

Màmá gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n?" Jẹ́jẹ́ wí.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. Ó fi ìka Jẹ́jẹ́ lé ọrùn ọwọ́ òun, ó sì fi ìka òun lé ti Jẹ́jẹ́. "Fọwọ́ kàn án. Tèmi ń sáré, ẹ̀rù ló ń lé e, àmọ́ ó ń lọ bíi màṣíìnì lórí ilà tó gún. Tìẹ ń fo ojú ìrán. Gbọ́ ọ. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ olóògùn. Bínú sí mi tóo bá dé ọ̀hún, àmọ́ jẹ́ ká lọ."

Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ibi tí wọ́n ti so ìgbànú náà. Kò ní agbára láti tú u. Àlùmọ́gàjí ńlá ni Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ fi gé e.

*

Ní ọsibítù, wọ́n lẹ okùn tín-ín-rín mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì ń ya ìrìn ọkàn rẹ̀ sórí bébà. Ilà náà rí gánnagànna. Dókítà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó bi wọ́n bóyá ó ti rù.

Ọkọ Jẹ́jẹ́ kò mọ̀, Màmá kò mọ̀. "Íńṣì mẹ́ta níbàdí láàárín oṣù méjì," Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ojú ìlara ló fi wọ̀n ọ́n, kò sì ṣì í.

Dókítà ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà nínú ọrùn tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù, òun ló ń lé ọkàn sáré títí ó fi sọ ìrìn rẹ̀ nù. Ó ní oògùn rẹ̀ wà. Ó ní bó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà.

Oṣù kan àtààbọ̀ kọjá kí Jẹ́jẹ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá ní Jẹ́jẹ́ ni kó sọ bóyá Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ á lọ tàbí á dúró. Jẹ́jẹ́ ní kó dúró.

Láti ìgbà náà, láràárọ̀, Jẹ́jẹ́ á mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìkọ́, á yí i padà, á sì fi ìka méjì tẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó wọ̀ ọ́. Kì í yára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjì nìkan ló tíì dé. Jẹ́jẹ́ tẹ ìṣẹ́tí dé ìdajì, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní inú ìṣẹ́tí aṣọ tèmi lẹ ti rí i lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ ì bá sọ?"

Ọkàn Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, kì, kì, kì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ní kó lọ yanjú. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ kò gbọ́ nǹkan, ó tẹ ìdajì yòókù, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó sì lọ sídìí tábìlì.